Hámísítà tó ń géni jẹ: ilé rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ tó na ọwọ́ sí i

Ìbéèrè

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni à ń gbé. Ó ti pẹ́ tí ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 10, ti ń bẹ̀ mí fún hámísítà, ẹran kékeré tó jọ eku tí wọ́n ń sìn nílé. Dípò ká rà á ní ṣọ́ọ̀bù, a lọ gba ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ẹran tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Abo ni, irú ti Síríà. Wọ́n ní ó tó ọmọ ọdún kan, pé inú ilé kan tí wọ́n kó púpọ̀ wọn pọ̀ sí ni wọ́n ti gbà á. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́jọ lọ́dọ̀ wa. Kéèjì onírin tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60 la rà fún un. Gbogbo òru ló fi ń gé irin jẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ mi na ọwọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló bu ú jẹ tí ìka rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní eku ni eku ń jẹ́, kò lè mọ olówó rẹ̀, ká tètè dá a padà. Ṣé ó ṣì lè mọ̀ wá? Kí la ó ṣe?"

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ó ṣì lè mọ̀ yín dáadáa. Ọdún méjì sí mẹ́ta ni hámísítà Síríà sábà máa ń lò láyé, nítorí náà ẹni ọdún kan kò tíì darúgbó. Ẹ má tíì dá a padà. Àmọ́ kí ọmọ yín ká ọwọ́ kúrò nínú kéèjì náà láti òní lọ títí ẹ ó fi tún ibẹ̀ ṣe. Nínú gbogbo àlàyé tí ẹ ṣe, mi ò rí ẹran burúkú. Ẹran tí kò rí ibi sá sí ni mo rí, irú ẹran bẹ́ẹ̀ kò sì ní ohun ìjà mìíràn ju eyín lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀dá tó wà lọ́wọ́ yín. Lọ́dún 1930, onímọ̀ nípa ẹranko kan, Israel Aharoni, mú kí wọ́n wa ìyá hámísítà kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ jáde nínú ihò nítòsí Aleppo ní Síríà. Láti ara ìdílé kan ṣoṣo yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń sìn nílé káàkiri ayé ti ṣẹ̀. Àwọn tó wá padà lọ wọn ihò wọn ní pápá rí i pé ó máa ń jìn tó sẹ̀ǹtímítà 36 sí 106, pé àgbà kan ṣoṣo ló sì ń gbé inú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹran adágbé ni. Bí ẹ bá fi méjì sí ojú kan, wọ́n á jà, ọ̀kan lè pa èkejì. Ilé elérò tí tiyín ti wá ti kọ́ ọ pé ohun yòówù tó bá fara kàn án, ìjà ló bá wá. Nítorí náà, ẹ má sọ pé ó ń dá nìkan wà kí ẹ wá ẹnì kejì fún un.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé òkè ni ikú rẹ̀ máa ń ti wá: àwòdì lọ́sàn-án, òwìwí lóru. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran. Imú àti etí ló fi ń mọ ayé. Kéèjì onírin tí wọ́n ń ti òkè ṣí sì ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò. Nígbà tí ọmọ yín bá ṣí i lókè tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò sí ohun tó jọ lójú ẹran náà bí kò ṣe ẹyẹ tó fẹ́ gbé e lọ. Ẹ ò lè fi sùúrù nìkan wo ìyẹn sàn, ilé ló máa kọ́kọ́ yí padà.

Sẹ̀ǹtímítà 60 kéré jù. Kí ìsàlẹ̀ kéèjì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 100, kó fẹ̀ tó 50, kó sì ga tó 50 ni ó kéré jù tí mo lè fọwọ́ sí. Àkàbà àti àjà kékeré kò sí lára ìṣirò yìí, ìsàlẹ̀ kan tó tẹ́ gbalaja ni mò ń sọ. Kò dìgbà tí ẹ bá ra tuntun. Táǹkì ẹja àlòkù tí gíláàsì rẹ̀ kò sán dáa gan-an, bí ẹ bá fi nẹ́ẹ̀tì onírin ṣe ìdérí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Táǹkì náà ń ti òkè ṣí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ihò bá ti jìn, òkè kò ní ba ẹran lẹ́rù bẹ́ẹ̀ mọ́.

Jíjìn ìtẹ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n ń dà sí ìsàlẹ̀ kéèjì kí ẹran lè gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú fò. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Switzerland, tó jáde lọ́dún 2006, pín hámísítà Síríà sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan ní ìtẹ́lẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 10, àwọn kan 40, àwọn yòókù 80. Àwọn tó wà lórí 10 ló ń gé irin jẹ jù, wọn ò sì rí àwọn tó wà lórí 80 kí wọ́n gé e jẹ rárá. Ariwo irin tí ẹ ń gbọ́ lóru nìyẹn. Ẹ da ìtẹ́lẹ̀ sí i tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 kárí, kí ẹ jẹ́ kó ga tó 40 ní apá kan. Èyí tí wọ́n fi pépà ṣe ló dára jù, tàbí ìfáfá igi aspen. Ẹ má lo ti igi pine tàbí cedar, òórùn wọn ń yọ ẹran lẹ́nu ní èémí. Ẹ fi koríko gbígbẹ díẹ̀ díẹ̀ sáàárín ìtẹ́lẹ̀ náà, kí ẹ sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń dà á. Bí ẹ bá kàn dà á lásán, gbogbo ihò tó bá gbẹ́ ni yóò máa wó lé e lórí. Fún ìtẹ́ oorun rẹ̀, ẹ ya tíṣù funfun tí kò ní òórùn sí wẹ́wẹ́, òun fúnra rẹ̀ á kó o wọlé. Wọ́n ń ta ohun kan tó rí bí òwú fún ìtẹ́ hámísítà. Mi ò fẹ́ kó wọ ilé yín rárá, nítorí ó máa ń wé mọ́ ẹsẹ̀ wọn títí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní lè dé ibẹ̀, bí wọ́n bá sì gbé e mì, ó lè dí wọn nínú.

Wíìlì tó ń sá nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí sẹ̀ǹtímítà 28 láti etí kan dé èkejì, kí ojú ibi tó ń tẹ̀ sì dí, kó má jẹ́ onírin gbọọrọ tí ẹsẹ̀ lè há sí. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tẹ̀ nígbà tó ń sáré, wíìlì náà kéré. Ẹ gbé abọ́ yanrìn tó mọ́, tí kò ní eruku, sí igun kan, ibẹ̀ ni yóò ti máa wẹ ara rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó tún máa tọ̀ síbẹ̀. Ẹ fi omi sílẹ̀ fún un ní gbogbo ìgbà. Bó bá jẹ́ ìgò ẹlẹ́nu irin lẹ ń lò, ẹ máa fi ìka tẹ ẹnu rẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń sẹ̀, torí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ máa ń há, ìgò á kún, ẹran á sì wà nínú òùngbẹ. Gbogbo ohun tó bá wúwo, ilé onígi, wíìlì, abọ́ yanrìn, kí ó ní ẹsẹ̀ tó dúró lórí ìsàlẹ̀ kéèjì gan-an. Bó bá jẹ́ orí ìtẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, ọjọ́ tí ẹran bá gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ ni yóò rì mọ́ ọn lórí.

Ọjọ́ tí ẹ bá ń kó o lọ sí ilé tuntun, ẹ bu gbogbo ìtẹ́ oorun rẹ̀ àti oúnjẹ tó kó pamọ́ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Òórùn ara rẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé ilé òun nìyí. Nítorí èyí náà ni mi ò ṣe fara mọ́ kí wọ́n máa fọ kéèjì látòkèdélẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ilé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo sábà ń gbọ́ pé ẹran wọn mọ̀ wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, tó tún padà di àjèjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa bu ibi tó tọ̀ sí kúrò ní ọjọ́ méjì méjì, kí ẹ ṣa ewébẹ̀ tó ti rọ̀ dànù, bó bá sì di bí oṣù kan, kí ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta ìtẹ́lẹ̀, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹ gbé kéèjì jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná àti fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Hámísítà ń gbọ́ ohùn tó ga ju èyí tí etí wa lè gbọ́ lọ. Yàrá tó wà láàárín dígírì 18 sí 24 ló bá a lára mu. Nígbà òtútù Manchester, bí ilé bá tutù débi tó sún mọ́ dígírì 5, ó lè wọ oorun àìmọra, kí ara rẹ̀ tutù, kí èémí rẹ̀ falẹ̀ débi tí ẹ máa rò pé ó ti kú. Ẹ má tíì gbẹ́ ilẹ̀! Ẹ gbé e sí yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó kó máa móoru díẹ̀díẹ̀, kí ẹ pe dókítà ẹranko.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọwọ́, ẹ pe ibi tí ẹ ti gbà á, kí ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n yà á kúrò lára akọ. Ọjọ́ 16 péré ni oyún wọn sábà máa ń gbà. Bí ó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti rí akọ kẹ́yìn, ọkàn yín balẹ̀. Bí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ dúró. Bí ẹ bá sì gbọ́ igbe kéékèèké nínú ìtẹ́ lójijì, ẹ má tú ibẹ̀ wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ àti omi nìkan ni kí ẹ máa gbé sí i. Ìyá tí wọ́n bá ń dà láàmú lè jẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ tún bi wọ́n bóyá dókítà ti wo eyín àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, nítorí ẹran tí nǹkan ń dùn á géni jẹ bó ti wù kí ẹ ní sùúrù tó.

Ó wá kan ọwọ́. Àwa tí à ń fi ọwọ́ jẹun gbọ́dọ̀ kíyè sí èyí dáadáa: ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú dòdò tàbí ẹja díndín, oúnjẹ ni lójú ẹni tó ń fi imú ríran. Kì í ṣe inú ló bí i nígbà tó bá bù ú jẹ, ó ń tọ́ ọ wò ni. Ìka tó gé ata rodo burú ju ìyẹn lọ, nítorí yóò ta á lójú àti nímú, kò sì ní gbàgbé. Kí ẹ fi ọṣẹ tí kò lóòórùn fọ ọwọ́, kí ẹ ṣan òrí tàbí ìpara kúrò, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó sún mọ́ ọn.

Àkókò rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bó bá jáde fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́, ẹ lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má jí i. Mo mọ̀ pé ọmọ gbọ́dọ̀ sùn nítorí ilé ẹ̀kọ́. Kí ó máa ṣe tirẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀yin máa ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀. Wọ́n á ní ẹ jí i nírọ̀lẹ́ kí ọmọ lè bá a ṣeré. Ẹni tí wọ́n bá jí lójú oorun lójoojúmọ́, ṣé yóò fẹ́ràn ẹni tó ń jí i?

Ní alẹ́ mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ilé tuntun bá ti wà, ẹ kàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kéèjì kí ẹ máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kí ọmọ ka ìwé sí i létí, Yorùbá ni o, Gẹ̀ẹ́sì ni o, ohùn kan náà ló ń fẹ́ máa gbọ́. Ẹ fi tíṣù kékeré kan sábẹ́ aṣọ yín fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ wá fi sínú kéèjì, kó jìnnà sí ìtẹ́. Bí ẹ bá rí i pé ó ti kó o lọ fi ṣe ìtẹ́ oorun rẹ̀, ó ti gba òórùn yín wọlé nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ lélẹ̀ nínú kéèjì, àtẹ́lẹwọ́ sókè, níbi tó jìnnà sí ìtẹ́, kí ẹ ti ẹ̀gbẹ́ gbé e wọlé, kó lọ sílẹ̀ pátápátá. Kó má ṣe mira. Ẹ fi hóró sunflower kan sí ibi tó tó ìbú ọwọ́ kan sí ìka yín. Bó bá ti ń mú un láìkánjú, ẹ sún un mọ́ ìka, lẹ́yìn náà orí ìka, lẹ́yìn náà àárín àtẹ́lẹwọ́ tí yóò fi ní láti gun orí ọwọ́ kó tó lè dé ibẹ̀. Ẹ má ka ọjọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bó bá na ara bí rọ́bà, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dúró síbi tó wà nígbà tí ẹnu ti dé ọ̀dọ̀ yín, ó ṣì ti múra àtisá nìyẹn, ẹ má tíì lọ síwájú. Bó bá fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gun ọwọ́, tó jókòó jẹ hóró náà níbẹ̀ dípò kó sọ ọ́ sínú àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó sá lọ, ìgbà yẹn ni ọwọ́ yín di ibi ìsinmi. Hámísítà kan lè dé ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó ti inú ìnira wá bíi tiyín lè lo oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Hóró mẹ́ta sí mẹ́rin tó fún alẹ́ kan, nítorí òróró pọ̀ nínú sunflower. Ẹ lè fi hóró elégédé, ẹ̀pà tí kò níyọ̀ tí ẹ gé sí wẹ́wẹ́, tàbí ìdin gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní mealworm rọ́pò rẹ̀. Oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ kò ju gíráàmù 10 sí 15 lọ, bíi ṣíbí ìjẹun kan. Ẹ fọ́n ọn káàkiri orí ìtẹ́lẹ̀ dípò kí ẹ dà á sínú abọ́, kó lè máa ṣa á kiri, iṣẹ́ tí wọ́n dá a mọ́ nìyẹn. Kùkúńbà tàbí brokoli tínńtín dára fún un. Àlùbọ́sà, aáyù, ọsàn àti ṣokoléètì, rárá.

Ẹ̀yìn ìgbà tó bá ti ń gun ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́, torí wọ́n á sáré gbé e sókè. Ẹ má tíì gbé e. Ẹ fi ife ńlá kan tàbí páìpù pépà lélẹ̀ pẹ̀lú hóró kan nínú, kó wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá gbé ife náà lọ sí ibi eré. Bátùbù gbígbẹ dára púpọ̀ fún èyí. Ẹ dí ihò omi rẹ̀, ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sí i, ẹ fi ilé kékeré kan tó lè sá sí àti abọ́ yanrìn síbẹ̀, kí ọmọ wọ aṣọ tí kò níye lórí, kó sì jókòó sínú rẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Kó má máa lé ẹran náà kiri. Kó jókòó bí àga. Hámísítà ò lè rí ohun tuntun kó má lọ wò ó, yóò gun ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò wọ inú apá aṣọ rẹ̀, yóò padà sọ̀kalẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá gun ọmọ láìsí ẹni tó dì í mú, òun ló yàn án. Ọwọ́ tó yàn fúnra rẹ̀ ni kò ní gé jẹ.

Ibẹ̀ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Ọwọ́ méjèèjì láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ bù ú bí ẹni bu omi, kí ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ fún un ní hóró. Orí ìjókòó nílẹ̀ ni kí èyí ti máa wáyé nígbà gbogbo. Hámísítà kò mọ bí ibi tó wà ti ga tó, á kàn rìn kúrò lórí tábìlì bí ẹni pé ilẹ̀ ló kù níwájú. Ìṣubú láti àyà ọmọ ọdún 10 tó láti kán an lẹ́sẹ̀.

Ẹ kọ́ ọmọ ní àmì tí yóò máa wò: bí etí bá lẹ̀ mọ́ orí, bí eyín bá ń dún kẹ́kẹ́, bó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ sókè, bó bá ké, ó tó. Dídúró gan-an láìmira ni wọ́n sábà máa ń ṣì kà. "Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́, wò ó, kò mira." Ẹ̀rù ló dì í pa bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á sọ fún yín pé bó bá fẹ́ géni jẹ, kí ẹ fi ọwọ́ síbẹ̀ kó lè mọ̀ pé eyín kò lè lé yín lọ. Mi ò gbà. Ó kìlọ̀, ẹ ò gbọ́. Bí ẹ ò bá gbọ́ ìkìlọ̀, yóò pa ìkìlọ̀ tì, yóò máa bu èèyàn jẹ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ rọra fa ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ padà sí ibi tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ kẹ́yìn, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìbọ̀wọ́ awọ tó nípọn náà kò ràn yín lọ́wọ́. Ẹran ò lè gbọ́ òórùn yín nínú rẹ̀, ẹ̀yin náà ò sì ní mọ̀ bí ẹ bá fún un jù. Ẹ fi pamọ́ fún ọjọ́ pàjáwìrì.

Bó bá tún wá géni jẹ, kí ẹni náà má fi ọwọ́ jù ú. Ìyẹn ló ń pa wọ́n. Kó sọ ọwọ́ kalẹ̀, yóò tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ wo bóyá abẹ́rẹ́ ìdènà àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ọmọ ṣì pé. Bí ibẹ̀ bá pọ́n tó ń tàn kálẹ̀, tó wú tàbí tó ń yọ ọyún, ẹ pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera, tàbí dókítà yín. Bí aláboyún bá wà nílé, kó má lọ́wọ́ sí ìfọ̀mọ́ kéèjì rárá, nítorí àrùn kan wà tí àwọn ẹran bíi eku lè gbé tó léwu fún ọlẹ̀.

Ti ìlera, díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Eyín rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, kò dọ̀tí, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ojú àmì dúdú méjì tó wà ní ìbàdí rẹ̀ kì í ṣe egbò, ibi tí òórùn ara rẹ̀ ti ń jáde ni. Ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, òórùn rẹ̀ á le sí i torí pé àkókò gígùn rẹ̀ ti tó, yóò sì kọjá. Ṣùgbọ́n bí ìdí rẹ̀ bá tutù pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí dókítà rí i, ó lè pa á láàárín ọjọ́ méjì. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan bá wú tí kò fọ́n láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ gbé e lọ. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nínú ife lórí òṣùwọ̀n kékeré tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ bá lọ láìnídìí, ìyẹn náà ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kí ẹ wá dókítà tó mọ ẹran kéékèèké sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, nítorí ajá àti ológbò nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọ́jú. Bí ìjọba bá ń fún yín ní owó ìrànwọ́, ẹ wo bóyá àjọ PDSA, tó ń tọ́jú ẹran àwọn tí owó wọn kò tó, lè gbà yín. Ohun kan sì wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ilé Yorùbá: ẹ má tú oògùn ampicillin tàbí amoxicillin inú kápósù sínú omi fún un. Oògùn tí à ń lò fún ọmọ láìbẹ̀rù yìí máa ń pa kòkòrò rere inú ìfun hámísítà, ẹran náà á sì kú.

Níti òfin, ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales tó jáde lọ́dún 2006 lórí ìtọ́jú ẹran gbé ẹrù ẹran tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ń sìn lé orí àgbàlagbà tó ń tọ́jú ọmọ náà. Nítorí náà, ọmọ ló ni eré, ẹ̀yin lẹ ni omi, oúnjẹ àti dókítà.

Kí ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé òkété, tí àwa mọ̀ sí ẹran ọbẹ̀, ní ẹbí kan tí àjọ APOPO tọ́ ní Tanzania. Magawa lorúkọ rẹ̀. Ó fi imú wá bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ àti àwọn bọ́ǹbù mìíràn jáde ní Cambodia, ó lé ní ọgọ́rùn-ún, àjọ PDSA sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà lọ́dún 2020. Kò sẹ́ni tó fi ipá kọ́ ọ. Bó bá ṣe é dáadáa, ohun kan á dún kí, yóò sì rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ. Eku tó lè kọ́ ìyẹn lè kọ́ pé ọwọ́ ọmọ yín kò léwu.

Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá nínú ilé tuntun, tí dókítà ti wò ó tí kò rí ìrora kankan, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé òun, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú wọn á gba hóró lọ́wọ́ yín, wọ́n á gun orí itan yín, wọn ò sì ní fẹ́ ju ìyẹn lọ títí wọn ó fi kú. Kí ẹ máa fi ife gbé e, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ máa wo bó ṣe ń gbẹ́lẹ̀ lálẹ́. Bó bá wá di dandan kó kúrò nílé yín, ẹ wo ìwé tí ẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí ẹ gbà á. Ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ni kí ẹ dá a padà fún. Ẹ má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ẹ ò mọ̀, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tó ń jẹ àti ibi tí ẹ bá a dé lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ sínú ìwé kan, kí ẹni tó máa gbà á lẹ́yìn yín lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.